Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọmọ rẹ̀

Sí Olóòtú ìwé ìròyìn yìí,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà ìyá ìkókó tó kọ̀wé sí yín láti Ìlọrin. Ó ní láti ìgbà tí ìyá ọkọ òun ti padà sí Ọ̀fà ni ẹ̀rù omi ìwẹ̀ ọmọ ti ń ba òun, pé aṣọ tútù lásán lòun fi ń nu ọmọ náà lára títí ará ilé kan yóò fi dé tí yóò bá òun gbé e. Mo tún ka èsì táwọn kan fún un lójú ìwé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan pè é ní ọ̀lẹ. Ẹlòmíì ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ju fóònù títẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Agbẹ̀bí ni mí, ẹnu iṣẹ́ náà ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìntì n'Íbàdàn níbí, mo sì ti rí irú obìnrin yẹn láìmọye. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nílé wa. Ọmọ dé, gbogbo àdúgbò ń kí "ẹ kú ewu ọmọ", ìyá àgbà sì ti gúnlẹ̀ tòun ti òrí, ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn tuntun àti àpótí ìjókòó rẹ̀. Láàárọ̀, òun ni yóò gba ọmọ. Nírọ̀lẹ́, òun náà ni. Ìyá ọmọ á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa gbọ́ igbe ọmọ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wá gbé e fún un nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbẹ, tó ti ń dán, tó ń ta sánsán, kó lè fún un lọ́mú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ara obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nílò ìsinmi, èmi náà jẹ ìgbádùn yẹn lọ́wọ́ ìyá mi. Ṣùgbọ́n tó bá di ogójì ọjọ́, ìyá àgbà á di ẹrù rẹ̀, nítorí ó ní ọjà tó ń ná, ó sì ní ọmọ mìíràn tó ń retí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọwọ́ kan ọmọ tó tutù, tí ọṣẹ wà lára rẹ̀, tó ń yọ̀, tó sì ń ké. Ta ni ẹ̀rù ò ní bà?

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé kò ju èyí lọ: láti ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ọmọ ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kí ìyá àgbà jókòó tì wọ́n. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa fi ẹnu tọ́ wọn, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa fi ọwọ́ ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí ara ìyá ọmọ kò bá tíì le, kó jókòó sórí àga, kó fọ ojú ọmọ nìkan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó fọ orí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá àgbà bá fi máa lọ, kò ní sí ohun tó ṣàjèjì nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ẹ̀rù tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn abiyamọ tuntun ni pé ọmọ á yọ̀ bọ́. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ yin àwọn ìyá wa, nítorí bí wọ́n ṣe ń jókòó wẹ ọmọ dára ju báàfù oníke tí à ń gbé ka orí tábìlì lọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbó nínú iṣẹ́ náà. Ìyá ìkókó, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Jókòó sórí àpótí kúkúrú, na ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì síwájú, kí orúnkún méjèèjì fara kanra, kó sì ga díẹ̀. Tẹ́ aṣọ rírọ̀ sórí itan rẹ, nítorí aṣọ kì í jẹ́ kí ọmọ yọ̀. Tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀ kó kọjú sí ọ, kí ìdí rẹ̀ súnmọ́ ikùn rẹ, kí orí rẹ̀ wà lápá orúnkún, kí ọwọ́ òsì rẹ sì wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀. Ọmọ tó wà nípò yìí kò ga nílẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ojú rẹ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ sì ṣófo láti bomi. Ìfòyà tìrẹ gan-an á dínkù, nítorí gbogbo ìwúwo ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ, kò sí lọ́wọ́ rẹ.

Bó bá jẹ́ báàfù lo fẹ́ lò, gbé e sílẹ̀, má gbé e ka orí ohunkóhun. Kí omi inú rẹ̀ má ju ìbú ìka mẹ́rin lọ. Ki apá òsì rẹ bọ abẹ́ ọrùn ọmọ, kí ẹ̀yìn orí rẹ̀ sinmi lé ọwọ́ rẹ níbi tí ọrùn ọwọ́ wà, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ wá mú èjìká rẹ̀ tó jìnnà sí ọ: àtàǹpàkò lórí èjìká, ìka yòókù nínú abíyá. Ìmú yẹn ni gbogbo àṣírí ibẹ̀. Bí ọmọ bá jà, tó ta ẹsẹ̀, tó yí ara, kò ní bọ́, nítorí apá rẹ̀ wà nínú ọwọ́ rẹ, orí rẹ̀ sì wà lórí apá rẹ. Ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan omi, lẹ́yìn náà ìdí, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá dédé rì sómi á ta gìrì, apá rẹ̀ méjèèjì á fò sókè, á sì figbe ta. Àwọn òbí tuntun máa ń rò pé àìsàn ni, kì í ṣe àìsàn. Bí ọmọ tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá rò pé òun fẹ́ jábọ́, ó sì lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ti rin sómi bò ó láyà, kí ọwọ́ rẹ sì wà lórí rẹ̀. Ara rẹ̀ á balẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mi. Mẹkáníìkì ni, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ìyá àgbà tó lè wá: ìyá ìyàwó ti dolóògbé, ara ìyá tirẹ̀ kò sì yá. Nígbà tó tó àsìkò láti wẹ ọmọ, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ náà le koránkorán, epo ọkọ̀ ti wọ inú ìlà rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọwọ́ mi yìí á ha ọmọ lára." Mo ní kó lọ gé èékánná rẹ̀, kó bọ́ òrùka, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kó wá padà. Nígbà tó padà, mo tẹ́ ọmọ lé e lápá bí mo ṣe júwe rẹ̀ lókè yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fi ọwọ́ tèmi sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan ọmọ. Mo ní kó máa bá a sọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tó máa sọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì rẹ̀, "Àjàní, Àjàní ọkọ mi," ọmọ náà sì lajú sílẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Kó tó fọ̀ ọ́ dé ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́, mo sì ti yọ tèmi kúrò. Òun ló ń wẹ ọmọ yẹn títí ìyàwó rẹ̀ fi lè tẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iṣẹ́ obìnrin ni.

Ọ̀rọ̀ oríkì yẹn ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Láti inú oyún ni ọmọ ti mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ìyá tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tó ń wẹ ọmọ ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀, ó sì ń fi ara rẹ̀ náà lọ́kàn balẹ̀, torí èèyàn kì í lè ki ọmọ kó sì tún máa mí gúlegúle.

Kó tó di pé a tú ọmọ láṣọ, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ti wà nítòsí: ọṣẹ tí kò ní òórùn líle, aṣọ kékeré rírọ̀, òwú, aṣọ ìnura gbígbẹ méjì, ìlédìí, aṣọ tí yóò wọ̀, òrí tàbí òróró rẹ̀. Ti ilẹ̀kùn, pa fáànù. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, dúró kí oòrùn ràn dáadáa ná, nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí ọ̀sán. Má wẹ ọmọ lálẹ́ níbi tí iná lè lọ nígbàkígbà. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ èékánná àlẹ̀mọ́ yẹn, ó kéré tán fún oṣù díẹ̀. Ẹ sì gbé fóònù sí yàrá kejì. Tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó kan án. Bí ọ̀ràn náà bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ yí ọmọ sínú aṣọ ìnura, kí ẹ gbé e dání lọ sẹ́nu ọ̀nà. Omi tí kò ju ìka mélòó kan lọ lè pa ọmọ kí a tó yíjú padà, kò sì ní pariwo.

Omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ inú abọ́, kí omi gbígbóná tẹ̀lé e, kí a fi ọwọ́ rò ó pọ̀. Bí a bá kọ́kọ́ da omi gbígbóná, ọjọ́ tí a bá gbàgbé láti lú u lọmọ á bó. Bó bá jẹ́ omi kànga lẹ ń lò, ẹ sè é kó hó, kí ẹ wá jẹ́ kó rọlẹ̀. Omi ìwẹ̀ ọmọ kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ara èèyàn lọ, ìyẹn nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n ìgbóná. Ìgúnpá ni ká fi tọ́ ọ wò. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá tó ti ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná láti kékeré kò mọ ooru mọ́, èyí sì ni ìdí tí àwọn ìyá àgbà kan fi máa ń sọ pé omi ò gbóná nígbà tí ara ọmọ ti ń pọ́n.

Ojú ọmọ la kọ́kọ́ ń fọ̀, a ò sì ní fi ọṣẹ sí i. Rẹ òwú sínú omi, nu ojú kan láti ìhà imú síta, ju òwú yẹn nù, mú òmíràn fún ojú kejì. Lẹ́yìn èyí, fọ orí. Nígbà tí a bá ń fọ orí, kí aṣọ ṣì wà lára ọmọ. Yí i sínú aṣọ ìnura, gbá a mọ́ ìhà rẹ lábẹ́ apá, kí orí rẹ̀ wà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ lókè abọ́, fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kí o tó tú u. Orí ìkókó tóbi púpọ̀ sí ara rẹ̀, ibẹ̀ ni òtútù ti ń tètè mú un.

Àwùjẹ̀ ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á rí i tó ń mì kíkí, wọ́n á ní bí àwọn bá fọwọ́ kàn án ọpọlọ ló kàn yẹn. Awọ tó nípọn wà níbẹ̀. Fi ọwọ́ rírọ̀ fọ̀ ọ́ bí o ti ń fọ ibi yòókù, àìfọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kí èépá gbá jọ síbẹ̀. Kò ní dí tán títí ọmọ á fi tó nǹkan bí ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi aṣọ gbígbóná jó o pé kó lè tètè dí. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ bá rí i tó jìn wọnú, tí ọmọ ò sì mu ọmú dáadáa, ilé ìwòsàn ló yá.

Ibi tó farapamọ́ ni kí ẹ ti lo àkókò jù: abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀yìn etí, àwọn ìlà ọrùn, abíyá, kọ̀rọ̀ itan. Wàrà tó bá ṣàn sí ọrùn, tó gbé ibẹ̀ sùn mọ́jú, á kan, á sì bẹ́ awọ. Ọmọbìnrin, láti iwájú lọ sẹ́yìn la ti ń nu ojú ara rẹ̀. Ọmọkùnrin tí a kò tíì kọ nílà, ẹ má fa awọ tó bo orí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má ki ohunkóhun bọ etí tàbí imú.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ìyá tuntun máa ń rí lára ọmọ níbi ìwẹ̀ tí yóò fi ké gbàjarè. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lójú ara ọmọbìnrin láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmú tó wú lára ìkókó, ọkùnrin tàbí obìnrin. Awọ tó ń bó lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Àbàwọ́n aláwọ̀ aró ní ìdí tàbí ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, tí èèyàn lè rò pé wọ́n lu ọmọ ni. Gbogbo wọn wọ́pọ̀ lára ọmọ tí ara rẹ̀ le koko. Ohun tó wà lára ìyá nígbà oyún ló ṣẹ́kù sára ọmọ tó ń fa méjì àkọ́kọ́, wọ́n á sì lọ fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ ọmú tó wú yìí ló mú mi dé ibi tí mo fẹ́ fi ìrẹ̀lẹ̀ bá ẹ̀yin ìyá wa sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ, àwọn nǹkan kan sì wà nínú ìwẹ̀ wa tó yẹ ká fi sílẹ̀ báyìí. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ ọmú tó wú lára ìkókó pé kí omi inú rẹ̀ lè jáde, egbò inú ló ń dà. Ẹ má sọ ọmọ sókè pé kó má baà jẹ́ ojo, ẹ má di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ má fà á lápá kí egungun lè nà. Ọrùn ìkókó kò tíì lè gbé orí rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà yí ọpọlọ ká lè já nínú bí orí ṣe ń mì síwá sẹ́yìn, èjìká sì lè yẹ̀. Ẹ má bu omi ìwẹ̀ sí i lẹ́nu, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ lágbo. Omi yẹn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọmú ìyá nìkan tó fún un títí oṣù mẹ́fà. Kànhìnkànhìn, ẹ fi pamọ́ fún ìgbà tí awọ rẹ̀ bá ti gbó. Oògùn apakòkòrò inú ìgò tí ẹ ń ṣe sómi ìwẹ̀ ọmọ, ti ilẹ̀ fífọ̀ ni, kì í ṣe ti awọ ìkókó. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin náà lẹ sì fi òwe yẹn tọ́ wa dàgbà.

Èyí tó máa ń fa àríyànjiyàn jù ni ìwẹ̀ àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi í sílẹ̀ di wákàtí 24 lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ. Bí àṣà ìdílé kò bá gba bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, kó tó wákàtí 6. Ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì mọ bí yóò ṣe máa mú ara rẹ̀ gbóná, omi á sì mú kó tutù kíákíá. Nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára kì í ṣe ìdọ̀tí, ààbò awọ rẹ̀ ni. Nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ láyà, bò wọ́n, kó mu ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: pé ọmọ tí a kò bá tètè wẹ̀ á máa rùn títí ayé. Òórùn abíyá tí à ń bẹ̀rù yẹn, ìgbà tí ọmọ bá bàlágà ni ẹṣẹ́ tó ń fà á ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Kò sí ìwẹ̀ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kankan tó lè dènà rẹ̀. Ti ọmọ tí kò pé oṣù tún le ju ti gbogbo wọn lọ: àyà ìyá rẹ̀ ni ilé rẹ̀, kí ẹ má wẹ̀ ẹ́ títí nọ́ọ̀sì á fi ní ó yá. Ní Bogotá lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà làwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìfàyàgbọ́mọ yìí lọ́dún 1978, nígbà tí ẹ̀rọ amọ́mọgbóná ò kárí, ó sì ti gba ẹ̀mí ọmọ là káàkiri ayé.

Bí ìwọ́ kò bá tíì já, ẹ lè máa fi aṣọ rírọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ọmọ, kò dìgbà tí ẹ bá rì í sómi. Bí omi bá kan ìwọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ ká ìlédìí sísàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín, eérú tàbí epo sí i. Ibẹ̀ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbà wọlé, tí ẹnu ọmọ á gan, tí kò ní lè fà mọ́. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, wà nílé ìwòsàn wa báyìí, ìdodo nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ gbé e jìnnà sí oògùn ojú, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé àwọn kan ti ṣèèṣì kán an sójú ọmọ, ó sì ba ojú wọn jẹ́. Bí ẹran ara tó yí ìdodo ká bá pọ́n, tó wú, tó ń rùn tàbí tó ń ṣọyún, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Aṣọ tí a ó wọ̀ fún ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mi ò sì lè fò ó. Ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ. Bí ọmọkùnrin Nàìjíríà bá jẹ́ márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní ìṣòro ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, a kì í sì í mọ̀ ọ́n lójú. Èéfín káńfọ̀ á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ibà pọ́njú náà á sì lè gun ọpọlọ lọ. Mo ti rí àwọn ọmọ tó yè é tí wọn ò gbọ́ràn mọ́, tí ọrùn wọn ò dúró. Mo ti rí ìyá tó ń fi ọ̀wọ̀ ká aṣọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú káńfọ̀ láti inú oyún, tó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ gbogbo aṣọ náà, kí ẹ sá a sóòrùn dáadáa, kí ọmọ tó wọ̀ ọ́. Òróró onímẹ́ńtọ́ọ̀lì tó ń mú ara tutù, tí àwọn àgbàlagbà fi ń para, kó má kan ọmọ náà. Òrí tó mọ́ tàbí àdín àgbọn díẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá ń wẹ ọmọ lójúmọmọ, tí ẹ rí i pé ẹyinjú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè, kì í ṣe oòrùn àárọ̀ ni yóò wò ó. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa àti àwọn ilé ìgbẹ̀bí. A ń kọ́ aboyún ní oúnjẹ tó yẹ kó jẹ, a ń bá wọn kọrin, a ń bá wọn jó lọ́jọ́ aboyún, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń jáde nílé ìwòsàn kí ọmọ tó pé wákàtí 24, kó tó di pé ìwẹ̀ àkọ́kọ́ yá rárá, a ò sì tún ní rí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìwẹ̀ ọmọ bọ́ sáàárín àlàfo yìí, ó di ohun tí kálukú ń dá kọ́ nínú ìpayà. Ẹ kọ́ wọn nígbà oyún. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, a ra bèbí onírọ́bà kan lọ́jà, a rọ iyanrìn sínú rẹ̀ títí ó fi wúwo tó ọmọ tuntun, a fi ọṣẹ pa á lára kó máa yọ̀, gbogbo aboyún tó wá lọ́jọ́ náà sì gbé e lápá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wẹ̀ ẹ́. Àwọn tó bá ọkọ wọn wá, a gbé e fún ọkọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò ní bí ọjọ́ kẹta, kí nọ́ọ̀sì ní kí ìyá wẹ ọmọ náà lójú òun, kó wo ọwọ́ rẹ̀, kó tún un ṣe níbi tó bá yẹ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Abọ́ méjì, fúláàsì omi gbígbóná kan àti aṣọ ìnura tí ìyá ọmọ mú wá látilé ti tó.

Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí Olóòtú lọ́tọ̀. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn tàbí ní agbègbè rẹ̀, kí wọ́n béèrè fún un. Màá wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀, bèbí náà sì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Agbẹ̀bí,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.